Ìdérí Ìgò Tó Ń Bímọ

Bí ẹ bá ti gbé Kútọnù pẹ́, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí bàbá àgbà mi rí láìmọ̀ ọ́n. Òun ni bàbá gíga tó máa ń wọ ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ iyanrìn etí òkun ní Fidjrossè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn tó wá gbafẹ́ lọ́jọ́ Àìkú bá ti lọ tán, tó ń ṣa ìdérí ìgò ọtí sínú àpò. Àwọn tó ń ta ọtí níbẹ̀ kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nígbà tó yá, wọ́n ń bá a kó ìdérí jọ. Ọ̀kan nínú wọn bi í níṣojú mi pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo fẹ́ wò ó bí wọ́n ṣe ń bímọ."

Ó ti kú báyìí. A sin ín sí Pobè, níbi tí wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú títí tí òjò ò sì rọ̀. Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ o. Ìjọ ti kọ ìyẹn sínú ìwé ìsìnkú, irọ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ́ onísùúrù. Ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì, kò sì sí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ rí tó máa pè é ní onísùúrù. Gbogbo Gbégamey, àdúgbò wa, ń pè é ní Pùrọ́ọ̀fù. Nínú ilé, Bàbá lásán ni èmi ń pè é, torí òun ló tọ́ mi. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ò gbé ilé yẹn. Ìdí tí kò fi gbé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìdérí.

Inú ìwé ìròyìn Faransé kan tó ti gbó, tí wọ́n jù sílẹ̀ ní ilé ìkàwé kọlẹ́ẹ̀jì, ló ti rí eré náà. Ilẹ̀ àgbàlá wa jẹ́ táìlì onígun mẹ́rin láti ẹnu géètì dé ẹnu ilé ìdáná, Bàbá sì sọ ọ́ di pátákó ìkọ̀wé. Ó ní táìlì kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́rin: ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Wàá ka ìdérí tó wà lórí àwọn mẹ́rin yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí mẹ́ta, táìlì tó wà láàárín wọn á ní ìdérí ní ìran tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, tàbí tí kò sí rárá, táìlì náà á ṣófo, ì báà jẹ́ pé ìdérí wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹfun ìkọ̀wé ló fi ń sàmì sórí táìlì tó máa gba ìdérí, nítorí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà la ó wá kó ìdérí nílẹ̀, a ó tún un tò sórí àmì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí wò ó, ó fi ìdérí díẹ̀ to nǹkan kékeré kan tó dà bí ìkọ́ sáàárín àgbàlá. Ní ìran kìíní, ìkọ́ náà tú ká. Ní ìran kejì, ó dà bí ibi tí ewúrẹ́ ti gba orí àtẹ ọlọ́jà kọjá. Ìkẹta tún burú ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ dìde, torí ebi ń pa mí. Ó di apá mi mú. Nígbà tá a to ìran kẹrin tán, ìkọ́ mẹ́rin ló wà nílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n jọ ara wọn bí ẹni pé a tẹ̀ wọ́n jáde. Àárín tí ti àkọ́kọ́ wà ṣófo. Mo bi í pé níbo lèyí tá a fi bẹ̀rẹ̀ wà.

"Kò sí mọ́," ni Bàbá wí. "Ìrísí rẹ̀ ló kù."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ohun tí kò ní lè bí ara rẹ̀. Mo to àgbélébùú, mo to lẹ́tà orúkọ mi, mo to nǹkan kan tó dà bí sálúbàtà Ìyá àgbà. Gbogbo wọn ló bí. Bí ohun tá a tò bá tóbi, a máa ń pẹ́ kó tó jáde, àmọ́ ó máa ń jáde náà ni. Mo to èyí tó rí wúruwùru, tí kò jọ nǹkan kan, mo rò pé mo ti rí i mú wàyí. Òun náà bí mẹ́rin tó rí wúruwùru. Bàbá ní, "Òfin yìí ò bèèrè bóyá o dáa tàbí o burú. O ṣáà wà níbẹ̀, ó tó."

Ìyá àgbà mi, tó wá láti Ṣakété, kò fẹ́ràn eré yìí rárá. Kò sí bí àlejò ṣe lè gba àgbàlá kọjá tí Bàbá ò ní pariwo mọ́ ọn. Tó bá ń gbálẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́ pé àwọn ọkọ ọ̀rẹ́ òun ń fẹ̀yìn tì sórí àga, ọkọ tòun ń fẹ̀yìn tì sórí ìdérí. Lọ́jọ́ kan, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ gbé ìdérí kan kúrò láyè rẹ̀. Mo fẹ́ dá a padà, Bàbá ní kí n fi sílẹ̀, ká máa tò ó lọ. A tò ó títí ilẹ̀ fi kún. Ìkọ́ wa jáde bó ṣe máa ń jáde, ṣùgbọ́n àwọn ìdérí mìíràn wà láàárín wọn tí wọn ò yẹ kó wà níbẹ̀, àwọn náà tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i bí a ti ń lọ. Bàbá na ìka sí wọn. Ó ní, "Àṣìṣe ìgbálẹ̀ nìyẹn. Òun náà ti ń bí tirẹ̀."

Ó bá katekísì ìjọ wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ọkùnrin yẹn wá kí i, ó bá a lórí eékún láàárín ìdérí, ó ní kí Pùrọ́ọ̀fù ṣọ́ra, pé Ọlọ́run nìkan ló ń fúnni ní ìyè. Bàbá ní òun ò bá Ọlọ́run du nǹkan kan. Ó wá ṣàlàyé pé ìwé ìròyìn yẹn sọ nípa òfin mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe irú eré yìí, èyí tó ń pa ẹni tó dá wà, tó sì ń pa ẹni tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó lè bí odidi ara rẹ̀ lábẹ́ ìyẹn kí wọ́n tó rí i. Ó ní, "Lọ́hùn-ún, bíbí ló ṣòro. Níbí, ohun tó ṣòro ni kéèyàn má bí mọ́." Katekísì mu omi rẹ̀, ó lọ. Ìyá àgbà ní kò ní wá mọ́, kò sì wá mọ́ lóòótọ́, àfi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ilé wa náà ní ìrísí tirẹ̀. Tàǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Missèbo, ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo tójú bọ́. Bàbá tó bí Bàbá jẹ́ elépo pupa ní Pobè. Ó fẹ́ kí àkọ́bí òun, ìyẹn Bàbá, máa gun ọ̀pẹ, àkọ́bí náà sì lọ bá àwọn Fadá níléèwé. Lọ́jọ́ tó dé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ dúró sáàárín agbo ilé, ó ní, "Lọ. Ilé yìí ti gbàgbé orúkọ rẹ." Kò wọ ilé yẹn mọ́ títí wọ́n fi sin ọkùnrin náà.

Èèyàn á rò pé ẹni tí wọ́n ṣe irú èyí sí ò ní ṣe é sí ẹlòmíì. Bàbá mi, Bíọ́dún, ni àkọ́bí tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ kóun náà di olùkọ́. Ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó lọ ń fi alùpùpù gbé epo pàyò, bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà wọlé, ó ń tà á lójú títì. Èmi wà lẹ́yìn Ìyá àgbà lọ́jọ́ tó wọlé tí aṣọ rẹ̀ ń run epo. Ìyá mi ti bá ọkọ mìíràn lọ sí Gàbọ́ọ̀nù nígbà yẹn. Bàbá dìde lórí àga, ó dúró sáàárín àgbàlá, gbólóhùn yẹn gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀, kò yọ kan kò sì fi kan kún un. Bàbá mi jáde. Tàǹtí Bísí bi Bàbá bóyá ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó ti jókòó padà.

"Mo gbọ́ ọ," ló dá a lóhùn. "Ohùn bàbá mi ni."

Kí ló dé tí kò pè é padà lọ́jọ́ kejì? Mo ti bi ara mi léèrè títí ó ti sú mi. Ó gbéra ga, ìdáhùn kan nìyẹn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti pẹ́ nílẹ̀, ṣe ló máa ń wúwo. Bàbá mi lọ ń gbé ní Àjàṣẹ́, mo máa ń lọ kí i, kò sí èyí tó bi mí nípa ìkejì nínú àwọn méjèèjì. Mo ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín wọn bí ẹni tó ń gbé ẹyin.

Nígbà tí ìyàwó mi bí ọmọkùnrin, Bàbá yí padà. Àkọ́bí wa ni, bí èmi náà ṣe jẹ́ àkọ́bí bàbá mi. Ó gbé ọmọ náà, ó wò ó pẹ́, kò súre fún un bí àgbà ṣe ń súre. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Ìwọ ló kàn. Òun ló tẹ̀ lé ọ." Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Mo sọ fún un pé èmi àti bàbá mi ò jà, pé ènìyàn kì í ṣe ìdérí ìgò. Kò bá mi jiyàn. Ó padà sórí táìlì, mo sì rí i tó ń wá ọ̀nà láti dá a dúró. Ó to ògiri ìdérí síwájú ìkọ́, ìkọ́ náà gba inú ògiri jáde lódìkejì. Ó yọ ìdérí nílẹ̀, ó fi kún un, ó ṣí i nípò. Pàbó ló já sí. Nígbà tí ẹ̀yìn ń ro ó, ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ní, "Kò sí ohun tó o lè gbé dí i lọ́nà. Òfin gan-an ló yẹ kéèyàn yí padà."

Ó wá rán Tàǹtí Bísí sí bàbá mi pé kó wá síbi ìsọmọlórúkọ.

Bàbá mi wá. Kò wọlé. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí ẹnu géètì, ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú akoto lápá, ó ní, "Nítorí ọmọ yìí ni mo ṣe wá o. Mi ò torí ẹlòmíì wá." Katekísì wà níjókòó, àwọn àgbà láti Pobè wà níjókòó, àwọn ará àdúgbò wà. Bàbá dìde nínú agbádá funfun rẹ̀. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, mo rò pé ó fẹ́ lọ dì mọ́ ọn ni. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, àyà àti iwájú orí lórí táìlì.

"Bíọ́dún, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́."

Lọ́dọ̀ wa, bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ. Ẹni tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún, tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sì gbà á, wọ́n ní ibi ló gbà. Ohun tí ọmọ tó mọ nǹkan máa ń ṣe ni pé kó tètè wólẹ̀, kí orí tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ orí àgbà. Bó bá ti wólẹ̀, ìjà parí, torí ta ló máa dojú bolẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ táá tún máa rojọ́? Ohun tí Bàbá gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Kò ya wèrè, kò sì gbàgbé èèwọ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ pé èèwọ̀ yẹn gan-an ló máa gbé ọmọ òun wólẹ̀.

Bàbá mi ò wólẹ̀. Mo rí i tó fẹ́ wólẹ̀, mo rí i. Àbúrò Bàbá kan láti Pobè ló kígbe pé, "Èèwọ̀! Ẹ gbé e dìde!" Igbe yẹn ló bà á jẹ́. Bàbá mi wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó wo bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

"Ẹ rí i," ló wí. "Gbogbo yín ẹ rí i. Ó fẹ́ pa mí níbi ọmọ ọmọ mi."

Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Àwọn ọkùnrin gbé Bàbá dìde, iwájú orí rẹ̀ ti dọ̀tí. Ìyá àgbà ò kúrò lórí àga rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bíọ́dún, kí lẹ ṣe fún wa yìí?" Kò sí ẹni tó rántí pé a ò tíì dárúkọ ọmọ.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí iná fi jó ìsọ̀ epo bàbá mi ní Àjàṣẹ́. Ẹnì kan mú sìgá wá sí tòsí ni. Gbogbo ẹni tó ń ta epo pàyò lójú títì ló mọ̀ pé iná lè dé lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bó? Mo lọ bá a lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ó ní, "Iná kọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé ohun tí Bàbá ní lọ́kàn, ó yí ojú sí ògiri.

Mo purọ́ fún Bàbá pé iná náà ò pọ̀. Tàǹtí Bísí sọ òótọ́ fún un. Láti ọjọ́ yẹn kò to ìdérí mọ́, ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń ra páànù. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń gbé ojú lé géètì. Dókítà dárúkọ àìsàn kan fún wa, mo gbà pé àìsàn náà wà, àmọ́ mo mọ ohun tó pa á. Ohun tó kẹ́yìn tó sọ fún mi tó já gaara nìyí: "Mo rò pé á tètè wólẹ̀ jù mí lọ."

Mo pe bàbá mi lórí fóònù lọ́jọ́ tó kú. Lọ́dọ̀ wa, àkọ́bí ló máa ń kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sórí pósí; bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n máa dúró dè é. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ti ṣe tèmi tán. Mi ò wá." Ní Pobè, a dúró dè é títí àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fi ń kùn. Àwọn àgbà bá fà mí síwájú. Mo bu yẹ̀pẹ̀, mo dà á. Ó tutù, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹni tó sọ fún bàbá mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

"Ìwọ lo da yẹ̀pẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá. Àwọn àgbà ló ní kí n dà á."

"Ta ló ní kó o gba ipò mi?"

 Mo gbọ́ tó ń mí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Lọ." Mo mọ gbólóhùn tó kù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pa fóònù náà mọ́ ọn lẹ́nu. Pípa fóònù mọ́ bàbá ẹni lẹ́nu, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, mo sì tún máa ṣe é bó bá di ọ̀la.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́. Bàbá mi wà nídìí ìsọ̀ tuntun rẹ̀ lójú títì, tábìlì kan àti àwọn ìgò epo ńlá lórí rẹ̀. Ó rí mi tí mò ń bọ̀. Mi ò kí i, mi ò sọ nǹkan kan. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí erùpẹ̀ tó ń run epo, mo fi ojú bolẹ̀. Èmi, kì í ṣe èèwọ̀ fún mi. Ó dìde, ó bọ́ sínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń ta àkàrà lódìkejì ní kí n dìde, pé ó ti wọlé. Mi ò dìde. Oòrùn dé ẹ̀yìn mi, ó kọjá lọ sí ọrùn, àwọn èèyàn ń yà mí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yà fún ihò ojú ọ̀nà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọmọ mi nílé, tí kò tíì mọ ojú bàbá bàbá rẹ̀.

Ọlọ́kadà kan dúró, ó ń fọn fèrè. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbọ́ ìró bàtà bàbá mi nítòsí orí mi, mo gbọ́ tó ń wá àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, tí ìgò ń kan tábìlì torí ìka rẹ̀ ò dì í mú dáadáa mọ́. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú táńkì.

Ọlọ́kadà náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹni tó dùbúlẹ̀ yìí? Ṣé kò ṣàìsàn?"

Epo ń ṣàn. 

"Ọmọ mi ni," ni bàbá mi wí. "Bàbá wa ló kú."